Onígbàjámọ̀ Tó Kọ́ Iṣẹ́ Ọdẹ Nítorí Oko Ìyá Rẹ̀

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí ìbọn mi má dún mọ́ láyé, kí ehoro máa rìn gbẹ̀rẹ̀ kọjá níwájú mi kó sì máa yọ ṣùtì sí mi. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ èyí tí ojú mi ò bá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló máa ń sanra fúnra rẹ̀ bó bá ti dé ọwọ́ mi.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ò jókòó sí kíláàsì kankan rí. Ara páálí ọṣẹ àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì kọ́ ọ débi pé àwọn tíṣà ń yà kí mi kí wọ́n lè bi mí ní ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Èèyàn kankan ò kọ́ mi. Àgbọ̀nrín kan tí mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló kọ́ mi ní sùúrù. Ìgbà tí mo fi máa bá a, ó ti rẹ àwa méjèèjì, a jọ jókòó sinmi ná kí oníkálukú tó mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ Onígbàjámọ̀ ni.

Oríta ni ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ wà, ògiri kan náà ni òun àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe jọ ń lò. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Àga kan tó ń yí bìrí, dígí gbọọrọ tó ti sán ní igun, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, àti fáànù kan tó ń mi orí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni tí kò gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́. Ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni Onígbàjámọ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, páúdà olóòórùn dídùn kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó fá orí ọkùnrin kan dán borokoto, kò mọ̀ pé ọkùnrin ọ̀hún ń lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wo dígí, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá Onígbàjámọ̀ mú kóòmù, ó sì fi gbá eegun ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kíkankíkan. Ó ní, "Orí olórí ni! Bi í kó o tó fọwọ́ kàn án!" Láti ọjọ́ náà, kó tó gbé kílípà sókè, á wí pé: "Ọ̀gá, ṣé ká ré e kanlẹ̀ ni, àbí ká fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè?" Á bi àgbà, á bi ọmọ ọwọ́, á bi ẹni tó ti sùn lọ lórí àga. Ọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ mọ́ kedere bí ẹ̀yìn igbá, irun fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá etí nìkan ló kù. Onígbàjámọ̀ bi í. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe pariwo láti òdìkejì ògiri pé, "Kí ni kó fi sílẹ̀ lókè? Ìrántí?" Ìyàwó Onígbàjámọ̀ sì máa ń sọ pé bí ọkọ òun bá fẹ́ bẹ́ iṣu, á kọ́kọ́ bi iṣu.

Ẹ wá wò ó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe di ọdẹ.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Oko ìyá náà wà lẹ́yìn ìlú, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Àgbàdo àti ọ̀dùnkún ló ń gbìn, oko kékeré kan tó mọ́ tónítóní, poro rẹ̀ tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Inú ilé kékeré tó wà létí oko yẹn ló ń gbé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ọdún méjì léra wọn ni túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, wọ oko náà nígbà tí irè kù díẹ̀ kó gbó, tí wọ́n sì fi imú tú u bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Ẹ̀gbọ́n Onígbàjámọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú ńlá, wá kí ìyá wọn. Ó dúró láàárín ebè tó ti dàrú, bàtà rẹ̀ tó ń dán rì sínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tún jẹ ti ọdún tó ń bọ̀, mo máa gbé mọ́tò wá kó yín. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ìyá ní, "Lókè àjà kẹta yẹn? Kí n máa yọjú wo ilẹ̀ bí adìyẹ inú àgò?"

"Kí lẹ fẹ́ máa jẹ níbí nígbà náà?"

 Ìyá wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ó dáa. Bí wọ́n bá tún jẹ ẹ́, n ó tẹ̀ lé ọ." Obìnrin náà kì í sì í pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà. Gbogbo wa mọ̀ pé tó bá ti wí i, ó ti wí i nìyẹn.

Ẹ̀rù ba Onígbàjámọ̀. Igi tó ti dàgbà, bí wọ́n bá hú u lọ gbìn síbòmíràn, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Nígbà tí àgbàdo ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọmọ, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì wá bá mi nílé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí eṣinṣin bà lé àga rẹ tó o ní kó jọ̀ọ́ kó sún díẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á mú Màámi lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kó lọ wẹ páúdà ọrùn rẹ̀ kúrò kó tó padà wá. Túùkú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń kàwé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn páúdà yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni, á tilẹ̀ mọ ẹni tó gẹrun kẹ́yìn.

Ìrìn ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹni tó ti ń dúró lójú kan láti ìgbà èwe rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí ewé gbígbẹ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ná, kó wá rọra tẹ ìyókù. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da eruku wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kó lè máa wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ wá bá a láti ọ̀dọ̀ ẹran. Èmi fúnra mi kì í da eruku. Irun etí mi máa ń sọ fún mi.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí ipasẹ̀. Èyí dùn mọ́ ọn. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ sórí ẹrẹ̀ bí ẹni ń yẹ egbò orí wò. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo pátákò ló ń ṣe túùkú lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tọ ipasẹ̀ kan láti etí odò, ó ń nàka, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́wọ́ sókè kí n dákẹ́, èmi tí mi ò sọ̀rọ̀. A gba ìdí igbó kọjá, a gba ẹ̀yìn àkìtàn, a ya igun kan.

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá, a ti bá a!"

Ewúrẹ́ ìyá alágbàfọ̀ kan ládùúgbò la bá, wọ́n so ó mọ́ òpó, ó ń jẹ èèpo iṣu, ó sì wò wá bí àlejò tó pẹ́ kó tó dé.

Mo ní, "Kú iṣẹ́ o. Ṣé ká sá ni, àbí ká bá a jà?"

Kò bínú. Ó padà sí ẹrẹ̀, ó ń fi pátákò ewúrẹ́ wé ti túùkú, títí ó fi mọ̀ pé ti túùkú fẹ̀ jù, tí èékánná kékeré méjì sì máa ń tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹrẹ̀ bá rọ̀. Kò pẹ́ tó fi ń wo ipasẹ̀ tó ń sọ fún mi bóyá ẹran náà ń sáré ni àbí ó ń rìn jẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Mo kọ́ ọ dáadáa náà.

Ìbọn ló kẹ́yìn. Ó gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú káàkiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ìwúwo rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bí wọ́n ṣe ń yọ ọta, bí ẹnu ìbọn kì í ṣe é kọjú sí ẹnikẹ́ni, kódà nínú eré. Òfin tó ga jù, mo ní kó máa kà á bí orin: má fa irin ìbọn sí ohun tí o kò bá rí orí àti ìrù rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé agolo mílíìkì lé orí kùkùté, mo ní kó yìnbọn sí i. Ó gbé ìbọn léjìká. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń wí?"

"Kò sí, Bàbá. Mò ń bi í ni."

"Ò ń bi agolo?"

"Ẹnu mi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀."

"Ọmọ yìí! Kó o tó bi ẹran tán, ó ti délé, ó ti ń fi ọ́ ṣe ìtàn fún ìyàwó rẹ̀!"

Ó gbìyànjú láti jáwọ́ ńbẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Àwọn kan sọ pé mo ní kó fi àṣà náà sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo fi ń dán an wò ni.

Ìgbà tí àgbàdo gbó tán tó kù ká kórè, ìyá ránṣẹ́ sí wa pé òun gbọ́ ìró túùkú nínú oko. Wọ́n ti dé. A lọ bá a, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ ẹsẹ̀ síta láàárọ̀ ọ̀la títí oòrùn á fi là, nítorí a ó wà nínú oko pẹ̀lú ìbọn.

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ẹni tó bá mọ ìyá yẹn á mọ̀ pé "mo gbọ́" rẹ̀ kì í ṣe "mo gbà."

Kùrukùru bo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí òwú tí wọ́n gbọ̀n dànù. Mo fi Onígbàjámọ̀ sí ìdí igi kan tó kọjú sí àárín àgbàdo, èmi sì lọ sí apá odò, nítorí ibẹ̀ ló le jù. Mo di ojú kí etí mi lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Onígbàjámọ̀ rèé, bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó gbọ́ ṣàà, ṣàà. Igi àgbàdo mì, ó dúró, ó tún mì. Ohun kan ń mí hìn-ìn, hìn-ìn, bí ẹran tó ń túlẹ̀. Kùrukùru ṣí díẹ̀, ó sì rí ẹ̀yìn kan, ó pupa rúsúrúsú, ó tẹ̀ kóloba, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń wá sókè láàárín poro. Kò rí orí. Kò rí ìrù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú rẹ̀ ni mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé àjà kẹta. Bí ẹyọ kan yìí bá lọ, gbogbo agbo rẹ̀ á padà wá lọ́la, ó parí. Ó gbé ìbọn léjìká. Ó fi ìka sí irin. Òógùn bọ́ sí i lójú, ó ṣẹ́jú. Ẹnu rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ṣọ́ọ̀bù, rọ̀pẹ̀tẹ̀:

"Ọ̀gá, ṣé ká ré e kanlẹ̀ ni, àbí ká fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè?"

Àgbàdo dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ohùn kan wá ti inú rẹ̀ jáde: "Ká ré kí ni kanlẹ̀? Àgbàdo mi? Olórí burúkú wo nìyẹn?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Ohun tí Onígbàjámọ̀ ṣe tẹ̀lé e, mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò ju ìbọn sílẹ̀. Ó yọ ìka kúrò, ó dorí ìbọn kodò, ó ṣí i, ó yọ ọta, ó fi ìbọn lélẹ̀.  Ó rá lọ sínú poro bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì bú sẹ́kún.

Èmi gbọ́ igbe láti apá odò. Mo fo odò náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó fẹ̀, ẹ lè lọ wò ó. Bàtà mi nìkan ló kan omi, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé okùn rẹ̀ tú. Ìgbà tí mo dé, ìyá dúró, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ pupa ló wọ̀, agolo kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, igi kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti gbọ́ túùkú, ó sì ti jáde wá lu agolo lé wọn lọ, ó wá ń bẹ̀rẹ̀ ṣa ọmọ àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀.

Ó bi mí, "Kí ló ṣe ọmọ yìí? Ṣé ejò bù ú jẹ ni?"

Onígbàjámọ̀ nawọ́ sí i. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ọta wà nínú rẹ̀.

Ìyá wo ọta. Ó wo ìbọn tó wà lábẹ́ igi. Ó wo ibi tí òun ti dìde, ó sì wo aṣọ ara rẹ̀. Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra jókòó sórí ebè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"O ti gbé e léjìká?"

"Mo ti gbé e léjìká, Màámi."

"Ìka ńkọ́?"

"Ìka ti wà níbẹ̀."

  Ìyá nawọ́, ó fi nu ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń nu ti ọmọ ọdún mẹ́ta, ó wá mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè."

Ẹ̀rín yẹn! Mo ti rẹ́rìn-ín láyé mi, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí sínú poro. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ tán, ẹnì kan á wo ọta náà, omijé á tún bọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Nígbà tó yá, ìyá kọjú sí mi. "Ìwọ Ọ̀gá Ọdẹ, níbo lo wà?"

"Mò ń ṣọ́ odò."

"Odò fẹ́ sá lọ ni?"

Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún un, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ni. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé ìbọn ò gbọ́dọ̀ wọ oko òun mọ́ láé.

Onígbàjámọ̀ ní, "Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, Màámi. Ẹ ó lọ."

"Bí mo bá máa lọ, kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ."

 Onígbàjámọ̀ sorí kọ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹrẹ̀.  Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipasẹ̀ tútù ló kún ibẹ̀, ti túùkú tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi agolo lé. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. A tẹ̀ lé e. Ó kọjá ọ̀dùnkún, ó dé ibi tí igi kan ti wó sí nítòsí odò, ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Ibi tí wọ́n gbà wọlé náà ni wọ́n gbà jáde. Ti òní àti ti àná, ojú kan náà ni."

A yí gbogbo oko náà ká láti rí i dájú. Ògiri àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wà lápá kan, igbó ẹlẹ́gùn-ún dí ìyókù pa. Abẹ́ igi tó wó yẹn nìkan ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ọdún méjì la ti ń wo ohun tí wọ́n jẹ, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé ibo lẹ gbà wọlé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A gé òpó, a gbẹ́ ẹnu wọn ṣóńṣó, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, a yí òkúta sí ìdí wọn, a sì hun ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún mọ́ wọn láàárín. Èmi nìkan ru ìtì igi tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè mì. Àtẹ́lẹwọ́ Onígbàjámọ̀ bó, ọwọ́ tí kò gbé nǹkan tó wúwo ju kílípà lọ rí, kò sì dúró. Nígbà tí a parí, ó ní kílípà òun ò ní ṣeé dì mú fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn oníbàárà òun máa hu irun lọ ná.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ìta ọgbà náà, ó ń ka ẹrẹ̀.

"Wọ́n dé ibí. Wọ́n dúró. Ẹ wo ibi tí àgbà wọn ti fi imú ti òpó. Wọ́n yí po, ó jọ pé wọ́n rojọ́. Wọ́n padà lọ." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín wá bò ó lẹ́nu. "Bàbá, wọ́n padà lọ!"

Wọ́n tún wá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún padà. Nígbà tó ṣe, wọn ò wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé mọ́tò dé lásìkò ìkórè gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ó ti nu àga ẹ̀yìn mọ́tò, ó ti tẹ́ aṣọ sí i fún ìyá. Ó bá àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ lábẹ́ òrùlé, ó bá òmíràn ní òkìtì lẹ́nu ọ̀nà débi pé ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìyá ò kí i lọ títí. Ó ní kó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó da àgbàdo àti ọ̀dùnkún kún un, ó sì ní, "Ìwọ ni kó o máa lọ sórí òkè rẹ. Tó o bá jẹ ẹ́ tán, wá gba òmíràn."

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n náà. Mo rò pé á bínú. Ó kàn jókòó sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò tó ti tẹ́ aṣọ sí, ó tú okùn bàtà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màámi, n ò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀ bá máa ṣe lókè yẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Kò jẹ́ kí n sùn." Ìyá mú ọmọ àgbàdo sísun kan fún un, ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ bí ọmọdé.

Onígbàjámọ̀ kò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá wà ní títì, a jọ máa ń lọ sí igbó tó jìnnà sí oko gbogbo èèyàn. Ó ṣì ń béèrè. Mi ò bá a wí mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹran ló ti sá lọ nítorí ìbéèrè náà, àfi ehoro kan tó dúró láti rò ó, òun ni Onígbàjámọ̀ sì kọ́kọ́ pa.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó má bi mí, kó má sì bi Onígbàjámọ̀, nítorí ẹkún á gbà á lẹ́nu. Kó lọ bá Ìyá Onígbàjámọ̀. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, inú oko rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà lónìí yìí tí mò ń kọ̀wé. Òun ni ẹlẹ́rìí mi.